Ìbéèrè Ẹnìkejì

"Ta ló rán ìránkúrán yìí sí mi lára? Mo ní ta ni!"

"Èmi ni. Kí ló dé? Ṣé ó bù yín jẹ ni?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ gùn jù! Ẹ wò ó! Ó wú sí mi lẹ́yìn bí ẹni tó pọn ìrọ̀rí!"

Bí mo ṣe pàdé ọkùnrin tí mo fẹ́ràn jù lọ láyé nìyẹn. Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ ǹ lẹ́. Ó dúró ní àárín yàrá ìwọṣọ ilé iṣẹ́ wa, nínú aṣọ òfuurufú tí ìka mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí rẹ̀, ó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n já báàgì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ránṣọ ń wò mí. Wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n mọ̀ pé mi kì í yá ẹnu ẹlòmíì sọ̀rọ̀.

Mo gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ pé bí èèyàn bá ti kúrò nílẹ̀ ayé yìí, tí kò sí ohun tó ń fà á mọ́lẹ̀ mọ́, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń nà? Ẹ máa ga sí i lójú ọ̀nà. Bí mo bá rán an mọ́ yín lára bí ẹ ṣe fẹ́ yẹn, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí ẹ ń lọ, bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì nílẹ̀."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òun náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹnu rẹ̀ dà á.

"Mo máa ga sí i?"

"Díẹ̀."

"Inú ìyá mi á dùn o. Àtikékeré ló ti ń sọ pé mo kúrú jù."

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ wa fún yín kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Ilé iṣẹ́ wa ń múra àwọn èèyàn sílẹ̀ láti lọ gbé ní ayé mìíràn, ìràwọ̀ pupa yẹn tí ẹ máa ń rí lójú ọ̀run. Ayé Kejì la máa ń pè é láàárín ara wa. Wọn ò lọ bẹ̀ ẹ́ wò o. Wọ́n ń lọ gbé ibẹ̀ ni. Ẹni tó bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Èmi ni mò ń rán ibọ̀wọ́ àti ẹ̀yìn aṣọ. Bí mo bá rán an tán, màá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, màá rì í sínú àgbá omi, màá sì tẹjú mọ́ ojú rírán rẹ̀ bí fọganáísà ṣe ń wá ibi tí táyà ti jò. Bí omi bá hó níbì kan, mo máa tú u palẹ̀ ni. Eruku ibẹ̀ burú. Ó mú, ó ní májèlé, ó ń jẹ aṣọ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ojú abẹ́rẹ́ kan péré tó bá jò, ẹni tó wọ aṣọ náà ti kú.

Òun ní tirẹ̀, onípáìpù ni. Kò sí odò ní Ayé Kejì. Yìnyín wà lábẹ́ ilẹ̀, àmọ́ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ, kí wọ́n tó yọ́ ọ, kí wọ́n tó sẹ́ májèlé inú rẹ̀, òùngbẹ á ti ṣe ti ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, omi tí èèyàn bá gbé lọ náà ni yóò máa mu, tí yóò máa tọ̀, tí yóò tún máa mu. Ẹ̀rọ tó ń sọ ìtọ̀ àti òógùn di omi padà, òun ló ń tò ó pọ̀.

Ní ọjọ́ kejì ìjà wa, ó wá bá mi níbi iṣẹ́ pẹ̀lú ife kan tó fi ọwọ́ bo lórí.

"Ẹ má bínú sí mi nítorí àná. Omi rèé."

"Omi kí ni?"

"Èyí tí ẹ̀rọ mi kọ́kọ́ sẹ́ yọrí ni."

Mo wo ife. Mo wo ojú rẹ̀. "Ta ló tọ̀ ọ́?"

Ó wúkọ́. "Èmi ni."

"O wá gbé ìtọ̀ rẹ wá fi bẹ̀ mí?"

"Ìtọ̀ mi tẹ́lẹ̀ ni. Omi ni báyìí. Bí mo bá purọ́, kí ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé."

Mo mu ún. Mo mu ún tán, mo dojú ife kọlẹ̀ kó rí i. Kò ní adùn, kò ní ìkorò, kò ní òórùn kankan.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Kò rí bákan."

Ó fọwọ́ lé àyà. "Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ohun tó dùn tó báyẹn fún mi rí."

Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́. Obìnrin tó mu irú omi yẹn tán níwájú ọkùnrin, kí ló kù tí kò tíì gbà?

Láti ọjọ́ náà, Abẹ́rẹ́ ló ń pè mí. Èmi náà ń pè é ní Onípáìpù. Tí a bá ń jẹun ọ̀sán, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń wá jókòó, á mú páìpù àlòkù lọ́wọ́ bí ẹni mú òdòdó wá. Ó máa ń fi inú rẹ̀ hàn mí, níbi tí nǹkan funfun ti dì mọ́ ọn lára.

"Wò ó, ìfẹ́ mi. Iyọ̀ inú ìtọ̀ ni. Bí omi bá ti kéré, ó máa dì, á le gbagidi. Bí mi ò bá ha á kúrò, páìpù á dí."

"Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí o ní láti bá mi sọ nìyẹn?"

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ojú rẹ ń dán ju páìpù tuntun lọ."

Mo fi ìfẹ́ gbá a létí, a rẹ́rìn-ín. Inú mi ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí mo mọ̀ pé òun ń lọ. Orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tó ń lọ. Èmi ò sí níbẹ̀. Aṣọ tí mo ń rán lọ́wọ́, tí mo ń ṣe dáadáa, tí mo ń rì sómi lẹ́ẹ̀kan sí i kó má jò, ni aṣọ tí yóò gbé e kúrò lọ́dọ̀ mi.

Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ yí òfin padà. Wọ́n ní Ilé Ìdánwò kan tí wọ́n dí pa, tí afẹ́fẹ́ ìta kì í wọ̀, níbi tí àwọn tó ń lọ ti máa ń kọ́ bí wọ́n á ṣe máa gbé. Àwọn tó ti dá wọ ibẹ̀ ti ń ṣe bákan bàkan. Ọkùnrin kan ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ọ̀gbìn, ó ń bá tòmátì jà, ó ní wọ́n ń wo òun ní ìwòkuwò. Ni wọ́n bá ní kò tún sí ìdánìkanlọ mọ́. Méjì-méjì, tọkọtaya, bí ẹnì kan bá ṣubú nínú ìdánwò, àwọn méjèèjì ṣubú.

Ó sáré wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Abẹ́rẹ́ mi, fẹ́ mi."

Mo dá ẹ̀rọ dúró. "Nítorí mi ni àbí nítorí àyè?"

"Nítorí ẹ ni."

"Ká ní ẹyọ-ẹyọ ni wọ́n ṣì ń kó yín, kí lò bá ṣe?"

"N bá lọ. N bá sì máa sunkún lọ."

Ó ká mi lára, àmọ́ kò purọ́ fún mi. Àtìgbà tó ti ń ṣe ọmọdé, ibẹ̀ yẹn nìkan ló ń fẹ́. Mo ní, "Ó dáa. Màá fẹ́ ẹ. Kí o lè máa rí ẹni tí yóò máa lẹ aṣọ rẹ."

Ó dì mọ́ mi, òun gan-an ló bú sẹ́kún níjọ́ náà, níwájú gbogbo àwọn aránṣọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, òun ló tọ́ mi dàgbà. Nígbà tí mo sọ fún un, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ṣé ọkùnrin tán láyé ni?"

"Bọ̀ọ̀dá, mo fẹ́ràn rẹ̀."

"Fẹ́ràn rẹ̀ níbí! Níbo lẹ máa gbé níbẹ̀?"

"Abẹ́ ilẹ̀ ni, sà. Ìtànṣán oòrùn burú lókè ibẹ̀."

"Bí òkété."

"Bí òkété, sà."

"Ẹ máa bímọ?"

"Wọ́n ní ká má tíì bí. Kò sẹ́ni tó mọ bí eegun ọmọ á ṣe dì níbẹ̀."

Ó wò mí títí. "Èmi lo ń sọ pé kí n sin ẹ́ láàyè," ó ní, ó sì tún tan tẹlifíṣọ̀n rẹ̀. Kò wo nǹkan kan níbẹ̀.

Ti ìyá Onípáìpù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú yàrá ìgbàlejò rẹ̀, kò jẹ́ kí n jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ lo rán aṣọ tó ń gbé ọmọ mi lọ."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Ìwọ tún fẹ́ máa tẹ̀ lé e. Ṣé o ò lè fọgbọ́n fà á sẹ́yìn ni? Kí la ń pè ní obìnrin?"

"Mà, mo gbìyànjú. Kò ṣeé fà."

Ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu orí tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. "Fóònù ńkọ́? Ṣé mo lè máa pè yín?"

"Ẹ lè sọ̀rọ̀ ránṣẹ́, Mà. Àmọ́ ibẹ̀ jìnnà. Ẹ ó sọ̀rọ̀ tán, ẹ ó lọ fọ abọ́, ẹ ó gbálẹ̀, kí èsì tó dé."

"Ìyẹn ni pé bí ọmọ mi bá ké pè mí, ó ti ké dákẹ́ kí n tó gbọ́?"

Mo fi ọwọ́ mi bá a nu tábìlì náà. Èmi tí wọ́n ní ẹnu mi mú.

A wọ Ilé Ìdánwò. Yàrá tóóró, ibùsùn orí ibùsùn, iná funfun tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ bóyá oòrùn ti yọ. Fáànù ló ń mí fún wa. Bó bá ti dákẹ́ bínńtín, gbogbo wa á dákẹ́, ẹni tó ń jẹun á gbé ṣíbí dúró sẹ́nu, títí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń wọn omi fún wa bí oògùn. Ètè wa bó. Àmọ́ Onípáìpù mi ń kọrin káàkiri ibẹ̀. Ara rẹ̀ yá gágá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, a jọ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ omi, mò ń bá a di rọ́bà mú. Ó kàn dákẹ́. Nígbà tí mo máa wò ó, ó ti wà nílẹ̀, ó ká kò, ó ki apá aṣọ mi bọ ẹnu, ó ń gé e jẹ kó má baà ké.

"Kí ló ṣe ẹ́? Jẹ́ kí n pe dókítà!"

"Má pè é! Abẹ́rẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́. Ó máa kọjá. Ó ti ṣe mí rí."

Ó di ọwọ́ mi mú títí ọwọ́ mi fi kú. Nígbà tó lè dìde, ó fara ti ògiri lọ tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló tọ̀. Ó padà wá, ojú rẹ̀ ti rẹ̀ wẹ̀sì, ó ń rẹ́rìn-ín ìtìjú, ó já nǹkan kan lé mi ní àtẹ́lẹwọ́. Kò ju hóró ìrẹsì lọ. Funfun, ara rẹ̀ kò jọ̀lọ̀. Mo ti rí i rí. Inú páìpù ni mo ti rí i.

Dókítà ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí dáadáa. Ní Ayé Kejì, ara èèyàn fúyẹ́, eegun kò níṣẹ́ tó pọ̀ ṣe, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, ohun tó bá sì yọ́ lára rẹ̀, inú ìtọ̀ ló máa bá jáde. Omi kò sì tó. Bí ó bá ń di òkúta nínú ẹni tó wà níbí, báwo ni ti ibẹ̀ á ṣe rí? Kò sí yàrá iṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Èyí tó tóbi tó bá dí i, a kàn máa jókòó tì í ni, títí tí yóò fi parí.

"Sọ fún dókítà," mo ní.

"Wọ́n á yọ mí."

"Kí wọ́n yọ ẹ́!"

"Rọra sọ̀rọ̀. Màá máa mu omi púpọ̀ ni."

"Omi èwo? Ife tí wọ́n ń wọ̀n fún ẹ?"

"Èmi ni mò ń pín omi, Abẹ́rẹ́."

"O máa wá jí omi mu lẹ́nu àwọn èèyàn?"

Ó wolẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo sọ ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. "Màá máa fún ẹ ní ìdajì tèmi."

"Kí ìwọ wá gbẹ?"

"Kí n gbẹ."

Ó fi ojú rẹ̀ lé mi léjìká, ó sunkún. Nígbà tó gbé orí sókè, kò sunkún mọ́. "Gbọ́, olólùfẹ́ mi. Bí o bá sọ ọ́ fún wọn, mi ò ní bú ẹ, mi ò ní bá ẹ jà. Mi ò kàn ní mọ̀ ẹ́ mọ́ ni. Bí mo bá pàdé rẹ lójú títì, màá kọjá."

Mo mọ̀ pé yóò ṣe é. Ẹni tí kì í purọ́ fún mi ni.

A jáde. Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, òkúta ti bá ìtọ̀ lọ. Ó gbé mi sókè, ó ní, "Ṣé o rí i? Ó ti tán!" Mo gba tirẹ̀ gbọ́. Mo fẹ́ gbà á gbọ́ ni. Mo sùn, mo jẹun, mo ránṣọ. Mo rán tèmi náà, mo fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀yìn mi tí yóò nà.

Àfi ọjọ́ tí mo lọ bá a nílé, tí mo gbọ́ omi tó ń ya ní balùwẹ̀. Ó ń ya gidigidi, kò dúró. Onípáìpù mi, tó jẹ́ pé bí mo bá ń fọ eyín, ó máa na ọwọ́ pa ẹnu ẹ̀rọ omi mọ́ mi lójú! Mo fi etí lé ilẹ̀kùn. Lábẹ́ ariwo omi yẹn, mo gbọ́ ọ tó ń kérora.

Mi ò kanlẹ̀kùn. Mo jókòó sórí àga rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti bọ́jú.

"Ah, Abẹ́rẹ́ mi! Ìgbà wo lo dé?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Ìyẹn ni irọ́ àkọ́kọ́ láàárín àwa méjèèjì. Òun náà sì pa tirẹ̀. Ó ní òun ń fọṣọ.

Ó wá ku Ìbéèrè Ẹnìkejì. Àṣà ilé iṣẹ́ wa ni. Wọ́n ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń lọ tí kì í purọ́ nípa ara rẹ̀, ẹni tó ń wúkọ́ á ní eruku ni. Nítorí náà, lẹ́yìn gbogbo àwòrán àti ẹ̀jẹ̀ gbígbà, wọ́n á pe ìdílé méjèèjì jókòó, wọ́n á wá bi oníkálùkù léèrè nípa èkejì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń béèrè. Tí ọ̀rọ̀ bá yọrí sí rere, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti máa so wọ́n pọ̀ ní tọkọtaya. Òrùka wa wà nínú àpò Onípáìpù mi. Mo rí i tó ń fọwọ́ kàn án lórí aṣọ, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde, ó sì di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Mo ti bá a jà títí, ó ti rẹ̀ mí," ó ní. "Mo fún ẹ ní ọmọ mi. Bó bá ṣubú níbẹ̀, ìwọ ni ìyá rẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mà."

"Wò mí lójú, kó o sọ ọ́."

"Mo gbọ́, Màmá."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́yìn, ó wọ kóòtù tí mi ò rí lọ́rùn rẹ̀ rí, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Dókítà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Onípáìpù mi. "Ẹni tí ẹ fẹ́ mú lọ yìí, ǹjẹ́ ẹ mọ àìsàn kankan tó fi pa mọ́ fún wa?"

Ó dìde. "Ó máa ń bínú, Dókítà. Ṣé ìyẹn wà lára rẹ̀?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín.

"Ara rẹ̀ dá ṣáṣá," ó ní. "Òun ló sàn jù nínú wa."

Ó jókòó. Ó rọra tẹ ìka mi lábẹ́ tábìlì. Mo dìde. Dókítà kọjú sí mi, ó tún ìbéèrè kan náà béèrè: ẹni tí ẹ fẹ́ bá lọ yìí, ǹjẹ́ ẹ mọ àìsàn kankan tó fi pa mọ́ fún wa?

Ó gbójú sókè wò mí. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àpò, níbi tí òrùka wà.

"Òkúta ń bẹ nínú kíndìnrín rẹ̀," mo ní. "Ọwọ́ mi ló já ọ̀kan lé."